Volkwin, Ẹni Tí Wọ́n Fi Ṣe Òkúta Ààlà

Àwọn àlùfáà tó mọ̀wé ti kọ ìtàn Ọmọ Aládé Gebhard ti Harlenburg sílẹ̀: ogun tó jà, ìyàwó mẹ́ta tó fẹ́ níkọ̀ọ̀kan, ilé olódi tó kọ́ sórí òkè. Kò sí ibì kan nínú ìwé náà tí wọ́n ti dárúkọ Volkwin. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ogójì ọdún gbáko ni ọkùnrin yìí fi dúró de Gebhard, kò sì sí ìkankan nínú àwọn ìyàwó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó dúró dè é tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ti ogun, kó lọ bá àwọn àlùfáà. Volkwin ni tèmi.

Abúlé Dornhag ni wọ́n bí i sí, nínú igbó óákù lápá òkè odò Main ní ilẹ̀ Jámánì. Ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń sìn níbẹ̀. Nígbà tí ewé bá ń rẹ̀, wọ́n á da ẹlẹ́dẹ̀ lọ sínú igbó kí wọ́n lọ jẹ èso óákù tó já sílẹ̀, kí wọ́n sanra kí yìnyín tó bo ilẹ̀. Ẹni tí ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ kò bá rí èso óákù jẹ, àsáró ọkà bálì gbẹrẹfu ni yóò fi la ìgbà òtútù já, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀.

Igbó abúlé àti igbó ọdẹ ààfin fara kanra, òkúta ló là wọ́n. Lẹ́ẹ̀kan láàárín ogún ọdún, gbogbo abúlé á tọ àwọn òkúta náà lọ níkọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá dé ìdí ọ̀kan, àgbà á fa ọmọdé kan jáde, á gbá a létí, ìgbátí gidi, èyí tí í máa dún nínú orí títí di ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà á fún un ní ẹyin sísè kan. Ìwé lè jóná, òkúta lè sọnù, ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé kò sí ọmọ tó ń gbàgbé ibi tí wọ́n ti gbá a létí láìṣẹ̀.

Ọdún tí Volkwin pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, ọmọ aládé tó wà lórí oyè nígbà náà, bàbá Gebhard, mú ọmọ tirẹ̀ náà wá. Ó ní bí abúlé bá ní ẹlẹ́rìí, ó yẹ kí ààfin náà ní. Nídìí òkúta kẹta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsun omi kan, Bàbá Lampert tó jẹ́ olórí abúlé gbá Volkwin létí òsì, ó yíjú, ó sì gbá Gebhard náà létí òsì. Ọmọ ọdún méje ni Gebhard. Ẹ̀rù ba gbogbo àgbẹ̀ tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Gebhard kò sunkún. Ó wo Bàbá Lampert, ó wo Volkwin, ó sì ju ẹyin tirẹ̀ sínú omi.

Òfin ibẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Bí òkúta bá sọnù, àwọn méjèèjì tí wọ́n gbá létí kẹ́yìn nídìí rẹ̀ ni yóò wá dúró síbẹ̀, wọn á sì fi ẹnu ara wọn sọ pé ibí ni. Ẹnu ẹnìkan kò tó níwọ̀n ìgbà tí ẹnìkejì bá ṣì wà láàyè. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá kú, ọ̀rọ̀ ẹni tó kù ni yóò dúró.

Nígbà tí Volkwin di ọmọ ogún ọdún, kò ronú nípa òkúta rárá. Odò ló wà lọ́kàn rẹ̀. Àwọn ọkùnrin kan wà létí Main tí wọ́n máa ń so ìtì igi óákù pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí wọ́n á dúró lé e lórí pẹ̀lú ọ̀pá gígùn, tí odò á sì gbé wọn títí dé ìlú ńlá Mainz. Ó ti bá wọn sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn Àjíǹde ni kó wá, ni wọ́n wí. Ó ti di ẹrù rẹ̀. Àmọ́ ìgbà òtútù ọdún yẹn ni ọmọ aládé àgbà kú, Gebhard sì gorí oyè. Nígbà tí yìnyín yọ́, wọ́n wá òkúta kẹta tì. Gozwin tó jẹ́ ajẹ́lẹ̀ ààfin ní omi ló gbé e lọ, ó sì ri ọgbà onígi jìnnà réré sẹ́yìn ibi tí òkúta wà tẹ́lẹ̀. Ìdajì igbó Dornhag bọ́ sínú igbó ọdẹ Gebhard.

Abúlé pe ìpàdé. Bàbá Lampert ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́ nígbà náà, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ò tíì darúgbó.

"Volkwin, dìde. Wọ́n ní ò ń lọ sódò."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Mo ti bá àwọn onítì igi sọ ọ́."

"Ṣé o mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, Bàbá, ṣùgbọ́n..."

"Ṣùgbọ́n kí ni?" Hadewig ló gbà á lẹ́nu rẹ̀, obìnrin tó ń pọn ọtí bálì fún gbogbo abúlé. "Bí omi bá gbé ẹ lọ, ẹlẹ́dẹ̀ mi mẹ́fà ló gbé lọ yẹn. Jókòó jẹ́ẹ́."

"Ìyá Hadewig, ọdún kan péré ni mo fẹ́ lọ."

"Ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú, ẹnu náà la fi ń sọ ọ́," ni Bàbá Lampert wí. "Ọmọ Aládé á wá, ẹ̀yin méjèèjì á dúró síbẹ̀, ẹ ó sọ ọ̀rọ̀ ẹnu yín. Kó tó di ọjọ́ Márítìnì Mímọ́, ó ti parí. Lẹ́yìn ìyẹn, bó o bá fẹ́, máa bá odò lọ dé òpin ayé."

Volkwin padà sílé, ó tú ẹrù rẹ̀. Oṣù díẹ̀ kò pọ̀ jù.

Ọjọ́ Márítìnì Mímọ́, ọjọ́ àjọ̀dún kan nínú oṣù kọkànlá, ni Gozwin máa ń jókòó sábẹ́ igi ńlá iwájú ilé ìjọsìn láti gbẹ́jọ́ fún ọ̀gá rẹ̀. Volkwin fọ ojú, ó gé irùngbọ̀n, ó dúró síwájú gbogbo èrò.

"Ọmọ Aládé ń bá bíṣọ́ọ̀bù jà," ni Gozwin wí. "Padà wá ní àmọ́dún."

Ní àmọ́dún, Ọmọ Aládé ń gbéyàwó. Lẹ́yìn ìyẹn ìyàwó kú, ó ń ṣọ̀fọ̀. Lẹ́yìn ọ̀fọ̀, ó tẹ̀ lé Késárì, ọba tó ga ju gbogbo ọmọ aládé lọ, gba orí àwọn òkè oníyìnyín lọ sí Róòmù, ọdún méjì gbáko. Nígbà tó ń bọ̀, ọmọ aládé mìíràn mú un lójú ọ̀nà, ó sì tì í mọ́ inú ilé ìṣọ́ fún ọdún mẹ́ta nítorí ìjà afárá kan tí ẹnikẹ́ni kò rántí mọ́. Ọdún mẹ́ta yẹn, àwọn ará Dornhag ń lọ sílé ìjọsìn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọn ò sì sọ ohun tí wọ́n ń bẹ Ọlọ́run fún. Bí Gebhard bá kú síbẹ̀, ọ̀rọ̀ Volkwin nìkan ló kù, igbó á sì padà. Gebhard kò kú. Ó jáde, ó sanra ju bó ṣe wọlé lọ, ó fẹ́ ìyàwó mìíràn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ilé olódi. Gbogbo ọjọ́ Márítìnì Mímọ́ tó wà láàárín gbogbo ìwọ̀nyí, Volkwin fọ ojú, ó gé irùngbọ̀n, ó dúró, ó sì padà sílé.

Ẹni tó bá rò pé ó kàn ń dúró lásán ò tíì mọ Dornhag. Wọ́n ń ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ ẹyin. Kò gbọdọ̀ bá wọn gé igi, kí igi má baà wó lù ú. Kò gbọdọ̀ sọ̀ sínú kànga. Nígbà tí gbogbo ọkùnrin ń fi màlúù wọ́ òkúta lọ fún ilé olódi, wọ́n ní kó jókòó sílé, kí òkúta má lọ tẹ̀ ẹ́ pa. Ẹlẹ́dẹ̀ nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un, kó máa dà wọ́n kiri lẹ́bàá ọgbà Gozwin, níbi tó ti ń rí èso óákù tó ń jẹrà ní òdìkejì, tí ìmàdò ààfin ń fi ṣeré. Lọ́jọ́ ọdún, tí ẹnu bá ń rọ gbogbo ènìyàn lórí ọtí, lórí ife kejì ni Hadewig máa ń na ọwọ́ láti gba ife lọ́wọ́ Volkwin.

"Gbé ife wá."

"Ìyá Hadewig, ẹ bù kan péré sí i."

"Lọ́dún tó kọjá, ta ló mu mẹ́rin tó já sí kòtò? Ṣé ìwọ kọ́?"

"Ẹsẹ̀ mi ló yọ̀."

"Ẹsẹ̀ ta? Ẹsẹ̀ abúlé ni. Gbé e wá, jàre."

Òkúta Kẹta ni àwọn ọmọdé ń pè é. Bó bá ń kọjá, wọ́n á ní, "Ẹ rọra o, Òkúta Kẹta ń bọ̀, ẹ má lọ fẹsẹ̀ kọ." Ó fẹ́ ìyàwó, Irmtrud, obìnrin tí ẹnu rẹ̀ mú, tó fẹ́ ẹ nítorí pé ó gbọ́ pé ọkùnrin yìí máa tó lọ Mainz, tó sì rò pé òun náà á rí Mainz. Ọdún kẹfà ìgbéyàwó wọn, ó sọ ọ́ sí i lójú níwájú àlejò pé, "Mo rò pé ọkọ ni mo fẹ́, òkúta ni mo gbé sílé. Òkúta gan-an sàn jù ú lọ, òkúta kì í ráhùn."

Nítorí Volkwin ń ráhùn. Àwọn tó ń sọ ìtàn rẹ̀ ní Dornhag lónìí máa ń pè é ní onísùúrù, ọ̀rọ̀ náà sì máa ń rí mi lára. Kì í ṣe onísùúrù. Inú ń bí i láti àárọ̀ dé alẹ́. Ó máa ń bá ẹlẹ́dẹ̀ sọ ọ́, ó máa ń bá ògiri sọ ọ́. Ó mọ ohun tó fẹ́ ṣe pẹ̀lú ayé rẹ̀, ó rí i létí odò tó ń kọjá lọ lójoojúmọ́, gbogbo ènìyàn sì ń kí i kú sùúrù.

Ọdún kejìlá, ogun mìíràn bẹ́. Abúlé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú ọkùnrin kan wá pẹ̀lú ọ̀kọ̀. Gozwin fúnra rẹ̀ ló wá sí Dornhag.

"Volkwin ni ààfin ní kí ẹ fún wa."

Bàbá Lampert ti kú nígbà náà, Hadewig ló sọ̀rọ̀ fún abúlé. "Ajẹ́lẹ̀, ẹ má bínú. Onítọ̀hún ò lágbára. Ẹ wo apá ẹ̀."

"Èmi ni wọ́n pè," ni Volkwin wí. "Ẹ jẹ́ kí n lọ." Ó ti ń wá ọ̀nà àtikúrò, bó tilẹ̀ jẹ́ ojú ogun.

Ọkùnrin mẹ́rin gbé e, wọ́n tì í mọ́ inú abà koríko, wọ́n sì fa Gerlach jáde, àbúrò Irmtrud, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tó lágbára dáadáa. Gozwin wo Gerlach, ó wo abà, ó mú èyí tí wọ́n fún un. Gerlach kò padà wá. Odindi ọdún kan ni Irmtrud fi ń gbé oúnjẹ síwájú ọkọ rẹ̀ láìwo ojú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sọ: "Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gba igbó yẹn padà, ẹlẹ́dẹ̀ tó bá jẹ nínú ẹ̀ ò gbọdọ̀ wọ ìkòkò mi."

Lẹ́yìn èyí ni Volkwin sá lọ. Kì í ṣe odò ló lọ, ààfin ló lọ. Ó rìn fún ọjọ́ méjì, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé olódi fún ọjọ́ mẹ́ta pẹ̀lú búrẹ́dì gbígbẹ kan. Lọ́jọ́ kẹta Gebhard gun ẹṣin jáde pẹ̀lú àwọn ajá ọdẹ rẹ̀.

"Olúwa mi!" ni Volkwin ké. "Òkúta kẹta, olúwa mi! Ìsun omi!"

Gebhard fa ìjánu ẹṣin rẹ̀. Ó wò ó dáadáa láti orí dé ẹsẹ̀, bí ẹni ń wo bí àgùntàn ṣe lè pẹ́ tó láyé, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ọjọ́ kejì ni àwọn ará Dornhag wá mú Volkwin, wọ́n sì ń bá a wí títí wọ́n fi délé: kí ni ì bá ṣẹlẹ̀ bí ìkookò bá pa á jẹ lọ́nà? Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ebi ń pa á.

Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba. Ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n fi ń tù ú nínú. Ọdún ń gorí ọdún. Hadewig kú, ọmọ rẹ̀ Ekbert di olórí abúlé, òun náà sì jogún iṣẹ́ ṣíṣọ́ Volkwin bí ẹni jogún ìkòkò ọtí. Irùngbọ̀n tí Volkwin ń gé ní ọjọ́ Márítìnì Mímọ́ di funfun. Ìyàwó kẹta Gebhard náà kú.

Ní ogójì ọdún lẹ́yìn tí òkúta sọnù, ní àárọ̀ kan tí oòrùn ràn díẹ̀, ìránṣẹ́ dé láti sọ pé Ọmọ Aládé ń bọ̀ ní Dornhag nítorí ọ̀rọ̀ ààlà. Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́ títí wọ́n fi rí i. Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e lórí àga, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú, wọ́n fi aṣọ wé wọn. Àlùfáà kan wà lọ́tùn-ún rẹ̀, Gozwin tó ti di arúgbó wà lósì.

Volkwin ṣáájú. Ó lè fi ojú dídì rìn débẹ̀. Wọ́n ṣí ọgbà fún un, ó wọ inú igbó tí kò fẹsẹ̀ tẹ̀ láti ogójì ọdún, ó dé ẹ̀bá ìsun omi, ó dúró.

"Ibí ni," ló wí.

Gebhard ní kí wọ́n sọ òun kalẹ̀. Ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú dé ẹ̀gbẹ́ Volkwin, ó mí hẹlẹ, ó ní, "Ibí ni."

Ó parí. Ẹni tó bá sín nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ kò tíì nu imú tán. Àwọn ará abúlé hó, wọ́n sáré lọ sídìí ọgbà, wọ́n ń hú igi rẹ̀ dà nù, àlùfáà àti Gozwin sì kúrò lọ́nà kí igi má bà wọ́n. Àwọn arúgbó méjèèjì nìkan ló kù nídìí omi.

"Ẹ rántí, olúwa mi," ni Volkwin wí.

"Ta ló gbàgbé? Láyé mi, ẹnìkan ṣoṣo ló gbá mi létí rí. Bí mo bá ń lọ sọ́dẹ, ibí ni mo máa ń gbà kọjá lọ́dọọdún."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò fi wá láti ọjọ́ yìí?"

"Mò ń dúró kí o kú."

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò ń bọ̀. "Mo rò pé kò ní pẹ́. Àgbẹ̀ kì í pẹ́ kú. Bí igi ò bá wó lù ú, ibà á pa á. Mo ní kí wọ́n mú ẹ wá sójú ogun, wọ́n mú ẹlòmíràn wá. Gbogbo ọdún ni mo ń bi Gozwin, ṣé ó ti kú? Á ní rárá, olúwa mi, wọn ò jẹ́ kó fọwọ́ kan nǹkan kan. Àwọn ará abúlé yín tọ́jú ẹ ju bí àwọn oníṣègùn mi ṣe tọ́jú mi lọ."

Volkwin ní, "Àwa náà ń dúró kí ẹ kú."

Gebhard rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. "Mo mọ̀. Nígbà tí mo wà nínú ilé ìṣọ́, ìyẹn ló ń jẹ́ kí n lè jẹ oúnjẹ wọn."

"Kí ló wá mú yín wá lónìí?"

"Àlùfáà yẹn. Ó ní òkúta tí mo ní kí wọ́n hú, ọrùn mi ni wọ́n máa so ó mọ́ lọ́run. Ìwọ̀nba ẹsẹ̀ tó kù fún mi yìí ò lè gbé òkúta." Ó yíjú wá àwọn tó ń gbé àga rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ wa ti tán, àbí?"

"Èmi ńkọ́, olúwa mi?"

"Ìwọ bí i ti báwo?"

"Mo fẹ́ lọ Mainz. Láti ọmọ ogún ọdún ni mo ti fẹ́ bá ìtì igi lọ lórí odò."

Ojú Gebhard fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà yà á lẹ́nu gidi. "Máa lọ nígbà náà. Ta ló dì ẹ́ mú?"

Wọ́n gbé e lọ. Kí yìnyín tó bọ́ ó ti kú, àwọn àlùfáà sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ní ọdún ìkẹyìn rẹ̀ ó dá igbó kan padà fún àwọn tálákà nítorí àánú. Volkwin náà lọ sódò. Àwọn onítì igi tó bá níbẹ̀ jẹ́ ọmọ ọmọ àwọn tó bá sọ̀rọ̀ nígbà náà. Wọ́n fún un ní ọ̀pá gígùn kan kó gbé e wò, kò lè gbé e kúrò nílẹ̀. Wọn ò fi í ṣẹ̀sín. "Bàbá, ẹ jókòó sétí odò, kẹ́ ẹ máa wò wá," ni wọ́n wí, wọ́n sì fún un ní ẹja yíyan.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gbé àkàbà ti ògiri ilé rẹ̀, ó gun orí òrùlé. Ó ní òun ń tún koríko tó ń jò ṣe. Kò tún nǹkan kan ṣe. Ó gun un dé góńgó, ó dúró lórí ẹsẹ̀ méjèèjì, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ aṣọ rẹ̀, ẹni ọgọ́ta ọdún tí abúlé kò jẹ́ kó gun nǹkan kan láti ogójì ọdún. Ekbert ń kọjá nísàlẹ̀, ó ń da ẹlẹ́dẹ̀ lọ sínú igbó tuntun.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Volkwin."

"Òkè yìí mà ga o, Ekbert."

"Ó ga lóòótọ́. Níbi tẹ́ ẹ wà yẹn, ẹ bá mi wò ó, ṣé kò sí ẹlẹ́dẹ̀ mi kankan tó kù sẹ́yìn?"

Volkwin wò ó. "Kò sí."

"Ẹ ṣé o, Bàbá," ni Ekbert wí, ó sì tẹ̀ lé ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ lọ.

Irmtrud jáde láti inú ilé, ó gbé ojú sókè, ó fi ọwọ́ bo oòrùn lójú. "Volkwin, kí lò ń dúró dè níbẹ̀?"

Volkwin jókòó sórí koríko òrùlé, ó sì ń sunkún, ẹkún ìbínú, ní ọ̀sán gangan, lójú gbogbo ẹni tó ń kọjá, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó ní kó sọ̀kalẹ̀.